Ọtí Ni Mo Lọ Wọ̀n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Erìó àti ní Àrámọ̀kọ ló máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé ọtí ni mo lọ kọ́ ní Ìlú Ọba. Òótọ́ ni. Ọtí ni mo lọ wọ̀n, iṣẹ́ ọtí ló bọ́ mi, abẹ́ ọ̀rọ̀ ọtí sì ni wọ́n tẹ orúkọ bàbá mi sí nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kà. Mi ò sì tíì tọ́ ọtí wò títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹnu rẹ̀ ni, kò gbà á yá lọ́wọ́ mi.

Àgbà ìjọ ni bàbá mi ní Erìó. Ìjọ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ọtí ṣeré. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ń ti oko bọ̀ tí a sì kan ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó ti agbè ẹmu, bàbá mi á di ọwọ́ mi mú, á ní kí n máa wo iwájú. Ẹmu kì í wọ ilé wa, wọn ì báà fẹ́ fi rẹ egbòogi. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti jáde.

Mo kàwé, mo di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀fọ̀n. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá kan ní àríwá Ìlú Ọba gbà mí láti kọ́ kẹ́místrì sí i. Wọ́n ní ohun olómi ni n ó máa wọ̀n. Bàbá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé omi ayé kò ní gbé mi lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa méjèèjì pé ohun olómi náà, ọtí ni.

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ náà ló gbá mi nímú, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà Kúpà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tí yóò jẹ́ ọ̀gá mi, rò pé òtútù ló ń mú mi.

"Wọlé, wọlé," ó wí. Ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ó sì ń pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "Inú ibí móoru."

"Kí ló ń rùn báyìí, sà?"

"Ọtí ni. Oríṣiríṣi ọtí. Ìwọ ni wàá máa bá mi wọ̀n wọ́n."

Mo rántí ọwọ́ bàbá mi lójú ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n mo ti wọlé ná, mi ò sì rí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀: ìgò, òṣùwọ̀n, aago, àti àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ funfun bí ọmọ ìjọ wa.

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn láti sọ. A ó da ọtí pọ̀ mọ́ omi, tàbí ọtí kan pọ̀ mọ́ òmíràn, lónírúurú ìwọ̀n. A ó wá wo nǹkan méjì: bí àdàlù náà ṣe wúwo tó, àti bí ó ṣe ki tó. Fún ìwúwo, ìgò kékeré kan wà tí ìdérí rẹ̀ ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́. A ó rọ ọ́ kún, a ó nù ún gbẹ, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n tó wà nínú àpótí gíláàsì, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè mú kí òṣùwọ̀n náà mì. Fún kíki, ọ̀pá gíláàsì kan wà tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U. A ó fa àdàlù náà gòkè nínú rẹ̀, a ó jẹ́ kó ṣàn padà, a ó sì fi aago wo bó ṣe pẹ́ tó láti ìlà òkè dé ìlà ìsàlẹ̀. Èyí tó ki á máa wọ́ bí òróró, èyí tí kò ki á sáré lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí Yèyé mi ṣe ń gbé ṣíbí ọbẹ̀ sókè, tó ń wo bó ṣe ń kán.

Ṣùgbọ́n Dókítà Kúpà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìgò ló ní kí n máa fọ̀. Mo fọ ìgò títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Màágírẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́ yàrá náà, ọmọ Sikọ́tílándì tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkùnrin tó dé lẹ́yìn rẹ ti ń wọn nǹkan," ó ní. "Bí o kò bá lọ bá a, ìgò ni wàá fọ̀ lọ sílé."

Mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Sà, mo ti mọ ìgò fọ̀. Yèyé mi ti kọ́ mi kí n tó mọ A, B, D. Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ni mo fẹ́ ṣe."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "O kò ní sùúrù."

"Mo ní i, sà. Mo ti lò ó tán ni."

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Kò lé mi. Ó ní kí n lọ wọn omi àti ọtí, kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi lásán títí dé orí ọtí lásán, kí n wá fi èsì hàn òun. Ó mọ èsì náà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n tipẹ́. Èmi gan-an ló fẹ́ wọ̀n.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo dé àárín. Omi ń ṣàn wéré, ọtí ń ṣàn wéré, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá pàdé, àdàlù wọn á ki ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, á máa wọ́ lọ nínú ọ̀pá gíláàsì bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ. Mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe. Bákan náà ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kò yí padà. Mo wá pinnu nínú ọkàn mi pé bó ṣe rí ni n ó ṣe kọ ọ́, wọn ì báà fi mí rẹ́rìn-ín.

Dókítà Kúpà wo èsì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Bó ṣe rí gan-an nìyí," ó ní. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí tiwọn padà kó lè jọ ohun tí wọ́n lérò." Láti ọjọ́ náà, kò pariwo bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgò tí mo bá lò nìkan ni mò ń fọ̀.

Àwọn kan tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń rẹ́rìn-ín pé èmi náà nìyẹn: omi Erìó tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ti Òyìnbó tó wá di nǹkan mìíràn. Mi ò gbà. Ẹnikẹ́ni kò rọ mí sínú ìgò. Ọmọ Erìó ni mí nígbà tí mo lọ, ọmọ Erìó ni mò ń jí lójoojúmọ́ nínú yàrá tí yìnyín ti bo ojú fèrèsé rẹ̀, ọmọ Erìó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọtí. Ìmọ̀ kò pa ìran ẹni rẹ́. Àwọn tó ń bi mí pé ibo ni mo wà nísinsìnyí, bóyá níbẹ̀ ni bóyá níhìn-ín, máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn kò lè ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Méjì ni tèmi.

Mo rò pé mo mọ òtútù, nítorí pé mo ti gbé Ẹ̀fọ̀n, níbi tí kùrukùru máa ń sùn lórí òkè títí oòrùn yóò fi lé e. Òtútù Ẹ̀fọ̀n, ìkíni lásán ni. Ti Ìlú Ọba ń wọ inú eyín. Ohun tó gbà mí ni agbada omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a máa ń ri ọ̀pá gíláàsì sí kí ìgbóná rẹ̀ má baà yí padà. Bí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí, mo máa ń ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo máa ń dijú, mo máa ń rí ara mi ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi ẹsẹ̀ wá ojú ibi tí wọ́n ti fẹnu kora. Lọ́jọ́ kan Màágírẹ́ẹ̀tì ká mi mọ́ ọn. Kò bi mí léèrè kankan. Òun náà ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Inú ilé Ìyáàfin Díìn ni mo kọ́kọ́ gbé, opó olùfọkànsìn kan tí kì í jẹ́ kí ọtí wọ ilé rẹ̀, bíi bàbá mi gẹ́lẹ́. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ wa yóò wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a tó dúró dè mí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn.

"O ti ń mutí," ó ní.

"Rárá, mà. Aṣọ iṣẹ́ mi ló ń rùn. Ọtí ni à ń wọ̀n níbẹ̀."

"Fẹ́ èémí sí mi."

Ó na ọrùn, ó gbé imú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu mi. Bí mo bá fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ parí. Tíì àti búrẹ́dì ni ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan dìde nínú mi, ó kọ̀.

"Mà, mo ti sọ fún yín pé mi ò mu. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Imú yín kọ́ ni yóò jẹ́rìí mi."

Ó ní kí n wá yàrá mìíràn. Mo wá a. Ojú fèrèsé mélòó kan ni mo ti ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú, kí Màágírẹ́ẹ̀tì tó mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ yìí ń mutí dáadáa, kò sì bìkítà ohun tí aṣọ mi ń rùn. Nílé rẹ̀ ni mo ti gún ànàmọ́ òyìnbó nínú báàfù pẹ̀lú ìdí ìgò, nítorí pé ọmọ Èkìtì kò lè kú sí ilẹ̀ tí kò sí iyán. Kò jọ iyán. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ èdè wa ní gbogbo àgbègbè náà ni Délé, ọmọ Ìjerò tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Àìkú, gaàrí á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn.

"Iṣẹ́ yìí kò yẹ ọ́," ó máa ń wí. "Kí ló dé tó ò ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Gbogbo àwọn obìnrin wa tó wà níbí ló ń ṣe é."

"Bí gbogbo wa bá di nọ́ọ̀sì, ta ni yóò ṣàìsàn?"

Á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya. Àmọ́ mi ò lè mú obìnrin tó ń rùn bí ilé ọtí dé iwájú Yèyé mi. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, n ó lọ rí àwọn òbí rẹ."

"Nígbà náà, má mú mi lọ."

Ó rò pé àwàdà ni. Mo bu tíì sí i fún un, mo sì gbé fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó yé e nígbà náà.

Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó sì padà sílé, ó yà ní Erìó láti kí àwọn òbí mi. Ó kí wọn kúnná.

Nígbà yẹn, bí wọ́n bá fóònù ènìyàn láti ilé, ẹnìkan ti kú nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n wá sọ nínú yàrá iṣẹ́ pé ìpè kan láti Nàìjíríà ń dúró dè mí lọ́dọ̀ aṣọ́nà, mo fi àdàlù tí mò ń wọ̀n sílẹ̀, mo sá lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́. Ó ń ké bí ẹni ń pe ènìyàn láti orí òkè kan sí òmíràn.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo wà, ní Ìbàdàn."

Bàbá mi kò kọjá Iléṣà rí. Ó ti rin gbogbo ọ̀nà yẹn torí kó lè bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ará Ìjerò yẹn ní ìdí ọtí lo wà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. A kàn ń wọ̀n ọ́n ni, bó ṣe wúwo, bó ṣe ki..."

"Ìjọ ti gbọ́. Wọ́n ní ọmọ àgbà ìjọ kò gbọdọ̀ wà ní ìdí ọtí. Fi í sílẹ̀, kó o máa bọ̀ ní ulé."

Ulé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, ilé ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò, Délé pàápàá ti ń pè é ní ilé láti ìgbà tó ti ń kọ́ òfin. Ulé ni bàbá mi pè é, mo sì rí ẹnu ọ̀nà wa, mo rí kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ní ó dáa.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mi ò tíì lè bọ̀. Iṣẹ́ mi kò tíì parí, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀."

Wáyà náà ń kùn bí oyin.

"O gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O sì ní o ò bọ̀?"

"Mi ò bọ̀."

Kò ṣépè, kò bínú. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń so wáyà fóònù pọ̀ já lu ọ̀rọ̀ pé àkókò wa ti tán. Mo dúró lọ́dọ̀ aṣọ́nà pẹ̀lú fóònù tó ti kú lọ́wọ́ mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá mi kò bi mí bóyá mo ń mu ún. Mo gbé ìbínú ìyẹn ká fún ọdún mélòó kan.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó yá, Dókítà Kúpà fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n wọn àdàlù ọtí méjì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n bẹ́ẹ̀ rí, ní ìgbóná oríṣiríṣi. Kò sí èsì àwọn baba ńlá kankan tí mo lè wò. Àwọn méjèèjì kò ṣe bí omi àti ọtí. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n gba ara wọn, láìsí agídí. Mo wọ̀n wọ́n títí ó fi dá mi lójú. Ọ̀gá mi kọ gbogbo rẹ̀ jọ láti fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, ó sì fún mi kà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan láti Nàìjíríà.

"Sà, ta ló wọn àwọn ọtí yìí?"

"Ìwọ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé mi gòkè."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Orúkọ rẹ gùn o."

"Ó gùn, sà. Ìwé náà sì fẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó mú pẹ́ńsù. Ó bi mí bóyá lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ yóò tó. Mo ronú kan bàbá mi. Orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀ sábẹ́ àkọlé tí ọtí wà nínú rẹ̀, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Mo lè fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi orúkọ pamọ́ ti gbà pé ìtìjú wà níbẹ̀. Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé náà jáde, Màágírẹ́ẹ̀tì gbé kéèkì wá, gbogbo wọn mu wáìnì, wọ́n sì po tíì tèmi.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo padà dé. Láti Iléṣà ni mo ti na ọrùn láti ojú fèrèsé mọ́tò títí òkè Ẹ̀fọ̀n fi yọ. Yèyé mi dì mọ́ mi lójú ìta, ó ní mo ti gbẹ, ó sì lọ sídìí iṣu. Ibi tó ti ń bẹ ẹ́ ló ti sọ fún mi.

"Bàbá rẹ kì í jókòó sí ibi àwọn àgbà ìjọ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti Ìbàdàn dé. Wọ́n ní kó kéde pé òun ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ títí wàá fi ronú pìwà dà. Ó dìde, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ló wà dòní."

Ọ̀bẹ ń lọ lára iṣu. Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ bá bàbá mi níwájú ilé, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò bi mí lórí fóònù bóyá mo ń mu ún."

Ó yà á lẹ́nu. "Kí ni n ó bi ọ́ sí? Ṣé mi ò mọ ọmọ tí mo bí ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kí n máa bọ̀?"

"Ẹnu ayé ni," ó ní. "Ó sì pẹ́ tí mo ti rí ọ." Ó tún ní, "Wọn yóò pè ọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ohun tó o bá ṣe, tìrẹ ni."

Wọ́n pè mí lóòótọ́. Àárín àwọn obìnrin ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé mi, nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn dárúkọ mi. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, òun ló gbàdúrà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ.

"Ọmọ wa ti ìdí ọtí dé," ó ní. "Kó bọ́ síwájú, kó kúnlẹ̀, kó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí bàbá rẹ̀ lè padà sí àyè rẹ̀ lónìí yìí."

Mo dìde. Mo rí àga tó ṣófo láàárín àwọn àgbà. Ọ̀nà ìpadà rẹ̀ wà ní eékún mi.

"Ẹ ṣé, Bàbá," mo wí fún olùṣọ́-àgùntàn. "Bó bá jẹ́ ọpẹ́ ni, n ó kúnlẹ̀ títí eékún mi yóò fi bó, nítorí Ọlọ́run ló mú mi lọ tó mú mi bọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Mi ò ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò lè tọrọ ìdáríjì ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bàbá mi náà kò sì ṣẹ̀."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ọtí ti yí mi lórí. Mi ò padà jókòó láàárín àwọn obìnrin. Mo gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sẹ́yìn, sí apá àwọn ọkùnrin níbi tí obìnrin kì í jókòó, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tí bàbá mi wà. Gbogbo ìjọ yíjú wò wá. Iwájú ni òun ń wò. Ó gbé Bíbélì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé e lé itan, ó sì sún.

"Jókòó," ó ní. "Àyè wà."